Wíwá Kì Í Ṣe Wíwa

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Arimogija ló sọ orúkọ Rùqáyyàh di ohun tí wọ́n ń pè káàkiri Ọ̀wọ̀. Bàbá náà lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá kan pé aládùúgbò òun gbé ọkọ́ òun lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ ni wọ́n jí. Wọ́n wá ọkọ̀ náà wọ inú igbó, wọ́n wá a dé ojú títì, wọ́n ń bi bàbá léèrè nọ́ńbà ọkọ̀ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú arúgbó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́, Rùqáyyàh tó jẹ́ ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ dìde, ó ní, “Olúwa mi, ọkọ́ ni, kì í ṣe ọkọ̀. Èyí tí a fi ń kọ ebè ni.” Gbogbo ilé-ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ja bàbá náà lólè: ẹnì kan jí ọkọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn jí ohùn tó wà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe ilé-ẹjọ́ ló ti kọ́ ìṣọ́ra yìí. Ọmọ Àlíyù aránṣọ ni, ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, níbi tí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ti máa ń dàpọ̀ mọ́ ohùn ìpè ìrun. Bàbá rẹ̀ kò kàwé òyìnbó, ṣùgbọ́n kò fi àyè gba ọmọ kankan láti ka Àlùkùrání ní ìkàkukà. Bí Rùqáyyàh bá fa ohùn níbi tí kò yẹ kó fà á, bàbá á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, á ní, “Padà sẹ́yìn. O ti fi ọ̀rọ̀ tìrẹ kún ti Ọlọ́run.” Rùqáyyàh ti lo àádọ́ta ọdún dín díẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé kí ìtàn yìí tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé òun gbọ́ ọ kó ṣi ohùn gbé rí. Orúkọ rere tó ní nìyẹn. Òun ni wọ́n sì fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan wá láti ìlú ńlá, ó gbọ́ pé òkúta tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì wà nínú ilẹ̀ oko tó yí Ìdógùn ká. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tó ń jẹ́ Gbọ́lá ni aṣojú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́rọ̀ dídùn tí bàtà rẹ̀ kì í ní eruku, bó ti wù kí ọ̀nà oko rí. Gbọ́lá ló wá bẹ Rùqáyyàh pé kó bá àwọn gbufọ̀ láàárín ọ̀gá òun tí kò gbọ́ ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ àti àwọn àgbà ìlú. Ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ pẹ́ lọ́jọ́ ìpàdé ní Ìdógùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹrù gbogbo rẹ̀ gùn lé. Rùqáyyàh ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa kó tó ya ẹnu. Ó ní, “Wọ́n ní àwọn fẹ́ wá ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ yín. Wíwá ni wọ́n wí.”

Bàbá Akínwọlé, tó jẹ́ olórí àwọn àgbà náà, mi orí. “Bó bá jẹ́ wíwá ni, kí wọ́n máa wá. Ojú kì í jẹ iṣu tán.” Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i nìyẹn.

Òjò kan kò tíì dá tí pátákó kan fi yọ lẹ́bàá ọ̀nà: IBI IWAKUSA. Lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀dà pupa, kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹ wo ìwà àìbìkítà tí a ti fi ṣe àṣà ní ilẹ̀ yìí! A ó kọ èdè bàbá wa bí ẹni ń da èèpẹ̀ sí ojú ọ̀nà, a ó ní ẹni tó bá gbọ́n á mọ ohun tí a fẹ́ wí. Ẹni tó bá gbọ́n á mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ á fi jẹun. Pátákó náà kò purọ́, kò sì sọ òtítọ́: ẹni tó fẹ́ lè kà á sí wíwá, ẹni tó fẹ́ lè kà á sí wíwa. Ó yadi ni. Irú ìwé tó yadi bẹ́ẹ̀ sì ni arẹ́nijẹ máa ń fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn pátákó ni katapílà dé. Oko iṣu Màmá Jemimah ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀. Opó ni màmá náà, Kátólíìkì paraku ni, kò ní nǹkan mìíràn tó ń jẹ ju ilẹ̀ yẹn lọ. Iṣu ti ń ta dáadáa, ó ku díẹ̀ kí wọ́n wa á. Katapílà ló bá a wa á. Wọ́n ya ebè bí ẹni ya aṣọ, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ tipa kó òkúta tó wà nísàlẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Nígbà tí àwọn àgbà lọ bá Gbọ́lá, ó na ìka sí pátákó. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ wò ó. Ìwakùsà ló wà níbẹ̀. Ògbufọ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ sì gbà á.”

Lọ́jọ́ kejì, Màmá Jemimah wọ ọkọ̀ wá sí Ọ̀wọ̀. Kò jókòó, kò gba omi. Ó dúró sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù tí Tahir, ẹ̀gbọ́n Rùqáyyàh, ti ń ránṣọ gẹ́gẹ́ bí bàbá wọn.

“Rùqáyyàh, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́ tí o fi tà mí?”

“Màmá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jókòó.”

“Má fi Ọlọ́run bẹ̀ mí. Ọlọ́run kò sí níbi ìpàdé yẹn, ìwọ lo wà níbẹ̀.”

“Wíwá ni mo sọ, Màmá. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.”

“Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ kọ́ ni ojú mi rí.” Ó sì yí padà, ó lọ.

Tahir gbé ojú sókè lórí ẹ̀rọ. “Rùqáyyàh, bó bá ṣe pé o kọ́ aṣọ rírán ni, bí o bá gé e ṣì, aṣọ nìkan ni yóò bàjẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Kò tíì bọ́ ìbòrí rẹ̀ tó fi já dé ọ́fíìsì Gbọ́lá. Gbọ́lá dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fa àga fún un.

“Àǹtí mi, ẹ fara balẹ̀. Wá, wa, wà, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.”

“Gbọ́lá, ṣé ọkọ àti ọkọ́ ìyá rẹ, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n?”

Ẹ̀rín pa á díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí àyè sọ ọ̀rọ̀ tó ju ẹ̀rín lọ. “Ó dáa, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ òkúta? Ẹni tó ń wá a náà ń gbẹ́ ihò. Ẹ wá sọ fún mi: níbo ni wíwá parí sí, níbo ni wíwa ti bẹ̀rẹ̀? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ pè mí lẹ́jọ́.”

Rùqáyyàh yí ẹ̀yìn padà, ó jáde. Inú tó bí i níjọ́ náà, ọ̀nà méjì ló pín sí. Apá kan lọ sọ́dọ̀ Gbọ́lá àti àwọn ọ̀gá rẹ̀. Apá kejì padà sórí ara rẹ̀, nítorí ó mọ ìyàtọ̀ ohùn, kò mọ ìyàtọ̀ nǹkan. Ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri bí ẹni gbé àpótí tí kò ṣí wò rí.

Bó ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní Àkúrẹ́ tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ nípa bí a ṣe ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì, bí wọn kò tilẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ilẹ̀ àti òkúta rí. Nígbà tó sọ ọ́ nílé, Tahir fi ṣẹ́ẹ̀tì lé ẹnu ẹ̀rọ, ó ní, “O ti tú ọ̀rọ̀ ènìyàn tán, ọ̀rọ̀ àpáta ló kù.” Àwọn ọmọ kíláàsì náà kò ṣàánú rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni àwọn kan, báńkì ni àwọn kan ti wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ògbufọ̀ ni, wọ́n wò ó bí ẹni tó ṣi mọ́tò wọ̀. Dókítà Láníyì tó ń kọ́ wọn ló wá fi adé lé e. “Ìyáàfin Ògbufọ̀,” ni ó wí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, “òkúta kò gbọ́ Yorùbá o.” Ariwo ẹ̀rín gba ilé.

Ó yá, kí ni òkúta gbọ́? Ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni? Àwọn ènìyàn tó ti ń fi òkúta lọ ata, tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, tí wọ́n mọ èyí tí yóò fọ́ nínú iná àti èyí tí kò ní fọ́, ṣé odi ni wọ́n fi ṣe é? Rùqáyyàh gbé àga tirẹ̀ kúrò lẹ́yìn. Ó jókòó síwájú.

Ìyà ẹ̀kọ́ náà jẹ ẹ́. Gbogbo òkúta funfun tó bá ń dán ni ó kọ́kọ́ ń pè ní orúkọ kan náà. Àwọn èròjà tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ́ láti kékeré, ó ń há wọn sórí bí àdúà. Ní oṣù Ràmádáánì, Dókítà pín ìṣù amọ̀ líle fún wọn létí odò kan, ó ní kí olúkúlùkù fi eyín rún un díẹ̀. Bó bá ń họ eyín, yanrìn kíkúnná wà nínú rẹ̀. Bó bá ń yọ̀, amọ̀ gidi ni.

“Ọ̀gá, mò ń gbààwẹ̀.”

“Ìyáàfin, ṣé ẹ pe òkúta ní oúnjẹ ni?”

“Rárá, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi sẹ́nu.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Rùqáyyàh di èyí tirẹ̀ mọ́ ìṣẹ́tí ìbòrí, ó gbé e délé. Nígbà tí wọ́n pe ìrun àṣálẹ́, kí èso dàbínù tó kan ẹnu rẹ̀, ìṣù amọ̀ ló kọ́kọ́ rún. Ó yọ̀. “Amọ̀ gidi ni,” ni ó wí fún Tahir, tó di ife omi mú, tó sì ń wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀ ń la ẹnu sí i. Ó kọ́ pé ẹni tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì kì í dédé ki ọkọ́ bọlẹ̀. Á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín, á wo òkúta tó yọ orí síta, á bu iyanrìn ìsàlẹ̀ odò, á mọ ibi tí omi ti gbé e wá. Bí gbogbo ìyẹn bá fẹnu kò ni yóò tó gbẹ́ ihò tóóró. Rùqáyyàh mọ ètò yìí. Ilé-ẹjọ́ ni ó jọ. Ìbéèrè ni wíwá: à ń bi ilẹ̀ léèrè, à ń pe ẹlẹ́rìí tẹ̀lé ẹlẹ́rìí. Ìdájọ́ ni wíwa. Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìdógùn wá hàn sí i kedere, inú sì tún bí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: wọ́n ti dá ẹjọ́, wọ́n ti kó ẹrù ẹlẹ́jọ́, wọn kò pe ẹlẹ́rìí kankan.

Ó bi Dókítà Láníyì ní kíláàsì, “Sà, níbo ni wíwá parí sí?”

Inú Dókítà dùn sí ìbéèrè náà. “Kò le rárá. Ẹni tó ń wá, ìwọ̀nba tí wọn yóò yẹ̀ wò ló ń mú lọ, á sì dí ihò tó gbẹ́. Ẹni tó bá ti ń fi tipa kó o lọ, ó ti kúrò nínú wíwá. Kùsà ló ń wa. Ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀.” Rùqáyyàh ṣe “àmín” lábẹ́ ètè.

Àwọn ará Ìdógùn kò dákẹ́, wọ́n ń kígbe títí ìjọba fi rán òṣìṣẹ́ kan wá pé kó gbọ́ tẹnu tọ̀tún tòsì. Òṣìṣẹ́ náà kò gbọ́ Yorùbá. Ilé-iṣẹ́ ló tún ránṣẹ́ pe Rùqáyyàh pé kó wá gbufọ̀. Ó rò pé ojú ló ń tì wọ́n. Àfìgbà tó dé àgọ́ ìpàdé, tí Gbọ́lá fi ọwọ́ gbá àga, tó ní, “Àǹtí mi, àga yín rèé,” ni ó rí ìdẹkùn náà. Ògbufọ̀ kì í sọ tẹnu ara rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó lórí àga yẹn, ohun tí wọ́n bá sọ ni yóò sọ. Wọ́n fi ọlá dí ẹnu ẹlẹ́rìí. Bó sì ti gbé ojú sókè, ta ni ó tún rí ní ẹ̀gbẹ́ ilé-iṣẹ́, tó wọ kóòtù, tó ń wo ilẹ̀? Dókítà Láníyì, tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí agbaninímọ̀ràn.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ dìde, ó sọ̀rọ̀ kúkúrú. Gbogbo ènìyàn kọ ojú sí Rùqáyyàh. Ó túmọ̀ rẹ̀ bó ti rí, láìyọ, láìfi kún un: “Ó ní ẹ ti gbà kí àwọn wa kùsà. Ó ní láti ẹnu ògbufọ̀ tó jókòó síhìn-ín ni ẹ ti gbọ́ ọ.”

Àgọ́ náà hó. “Ẹnu rẹ náà ló tún fi sọ ọ́!” ni Màmá Jemimah pariwo. “Kò tijú!”

Rùqáyyàh dìde. Ó kọ ojú sí òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un sọ ní Yorùbá kí ará oko má bàa ṣì í gbọ́. “Mo ti túmọ̀ irọ́ ẹlòmíràn rí, iṣẹ́ mi ni. N kò lè túmọ̀ irọ́ tí wọ́n pa mọ́ mi. Mo kúrò lórí àga yìí. Bí ilé-ẹjọ́ bá máa lé mi nítorí rẹ̀, kí wọ́n lé mi. Ẹlẹ́rìí ni mo jẹ́ báyìí.”

Òṣìṣẹ́ náà yọ gíláàsì ojú. Ó béèrè ẹni tí yóò wá gbufọ̀.

“Gbọ́lá ń kọ́?” ni Bàbá Akínwọlé dá a lóhùn. “Ọmọ Yorùbá ni. Ó lẹ́nu.”

Gbogbo àgọ́ ní, “Gbọ́lá! Gbọ́lá!” Gbọ́lá wo ọ̀gá rẹ̀; ọ̀gá kò mọ ohun tí wọ́n ń wí, ó rẹ́rìn-ín, ó mi orí. Gbọ́lá jókòó.

Rùqáyyàh yí sí Dókítà Láníyì. “Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ohun tí ẹ kọ́ mi sọ. Níbo ni wíwá parí sí?”

“Ìyáàfin, ibí kì í ṣe kíláàsì.”

“Mo mọ̀, sà. Kíláàsì ni ẹ ti pe ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ ní ọ̀dàlẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún yín.”

Òṣìṣẹ́ ìjọba ti gbé ojú lé Dókítà. Dókítà wú ikọ́, ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, níkẹyìn ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́lẹ́ bó ti sọ ọ́ ní Àkúrẹ́. Ó kàn yọ ọ̀dàlẹ̀ kúrò. Ó ku Gbọ́lá.

“Dókítà ní…” Òógùn ti bo imú rẹ̀. “Dókítà ní ẹni tó bá ń… ẹni tó bá ń wa…”

“Tó bá ń kí ni?” ni àwọn obìnrin béèrè.

“Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà…”

“Iṣẹ́ wo? Pe orúkọ rẹ̀! Ṣé orúkọ baba rẹ ni tí o fi ń bẹ̀rù rẹ̀?”

“Wá!” ni Gbọ́lá pariwo. “Ẹni tó bá ń wá a, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń mú lọ, á sì dí ihò. Ẹni tó bá ń fi tipa kó o lọ, ó ń…” Ohùn rẹ̀ já wálẹ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ kó já sí. “Ó ń wa á.”

Bàbá Akínwọlé ló fi ọ̀pá kan ilẹ̀. “Gbọ́lá ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Pátákó yín ló yadi, ìwọ kò yadi.” Nígbà náà ni àgọ́ tó bú sẹ́rìn-ín. Àmì ohùn a máa sọnù lójú pátákó, ṣùgbọ́n kò ti ẹnu ọmọ Yorùbá sọnù rí. Bó bá fẹ́ gbé e mì, á há a lọ́fun.

Òṣìṣẹ́ ìjọba pa á láṣẹ pé kí katapílà kúrò, kí wọ́n dí ihò, kí wọ́n sì wá tọrọ ààyè lákọ̀tun bí wọ́n bá ṣì fẹ́ wá nǹkan. Àṣẹ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbé katapílà gun ọkọ̀, wọ́n lọ, katapílà kan náà tí ì bá dí ihò láàárín wákàtí díẹ̀. Dókítà Láníyì bá wọn lọ, kò wo ẹ̀yìn.

Màmá Jemimah ló mú Rùqáyyàh lọ sí oko. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sọ pé òun fi ẹ̀sùn èké kàn án. Ó kàn ń lọ níwájú, ó sì ń dúró níbi tí ọ̀nà bá le kí Rùqáyyàh lè bá a. Ihò náà lanu láàárín ebè bí ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀. Àwọn iṣu tó ti jẹrà fọ́n ká létí rẹ̀. Rùqáyyàh bọ́ bàtà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó yọ òòlù kékeré láti inú àpò rẹ̀, ó fi kan ògiri ihò. Iṣan òkúta funfun kan gba àárín ògiri náà kọjá, ó fẹ̀ ju àyà ènìyàn lọ, àwọn ewé dídán rẹ̀ ń ṣí bí ojú ìwé bí a bá fi èékánná tọ́ ọ. Ó mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ ohun tó máa ń bá a rìn: òkúta bátìrì.

“Ṣé òótọ́ ni wọ́n sọ?” ni Màmá Jemimah béèrè lókè. “Ṣé ó wà níbẹ̀?”

Irọ́ kan wà tí ì bá mú ọkàn arúgbó balẹ̀. Rùqáyyàh kò pa á. “Ó wà níbẹ̀, Màmá. Ó sì dára.”

Màmá jókòó sórí ohun tó kù nínú ebè kan. “Nítorí náà, ká ní wọ́n bi mí ni, à bá jọ sọ ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Mo ní bàbá rí, mo ní ọkọ rí, kò sí èyí tó wọ ilẹ̀ yìí láìkí mi. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé rẹ̀ ló wá fi irin wọ̀ ọ́.” Ó pòṣé, èyí tó gùn. “Iṣu kọ́ ló ń dùn mí, Rùqáyyàh. Iṣu á tún hù. Wọ́n wò mí, wọn kò rí ẹni tí wọn yóò bi.”

Ẹ̀kọ́ tí Rùqáyyàh kọ́ ní Àkúrẹ́ kò dé ibẹ̀. Ó kan òkúta náà ní ẹ̀ẹ̀kan, ègé kan yọ̀ sílẹ̀ tó tó ẹ̀kúnwọ́. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ tó kù, kò fi sápò.

“Màmá, mo fẹ́ mú èyí lọ fún àyẹ̀wò, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ní kí ẹlòmíràn tó tún dé. Ṣé kí n mú un?”

Màmá Jemimah wo òkúta, ó wo ẹni tó di í mú.

“Máa mú un,” ni ó wí. “Ìwọ bi mí léèrè.”